Bí Bàbá àti Ọmọkùnrin Ṣe Lè Fi Igbá Fínfín Sọ Ìfẹ́ Wọn fún Ara Wọn

Ní Ọ̀yọ́ àti agbègbè rẹ̀, ìfẹ́ tó wà láàrin bàbá àti ọmọkùnrin rẹ̀ kì í sábà gba ẹnu jáde. Bàbá a máa jí ní ìdájí láti wá owó ilé-ẹ̀kọ́, a máa bá ọmọ wí, a sì máa fi í yangàn láàrin àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà kò bá sí níbẹ̀. Ọmọ náà a máa dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀ láràárọ̀, a sì máa ra ẹran àti oògùn wálé fún un nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń tó ẹnu, síbẹ̀ àwọn méjèèjì lè gbé abẹ́ òrùlé kan náà títí ọmọ yóò fi gbéyàwó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ fún èkejì pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Orin tí a ń kọ fún ìyá pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ìyá ni wúrà, bàbá ni dígí, dígí ọ̀hún náà sì rèé, ara ògiri ni wọ́n máa ń gbé e kọ́ sí. N kò wá láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó máa sọ ohun tí kò mọ́ ọn lẹ́nu. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí ènìyàn ṣe lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fín igbá ọlọ́mọrí kan, tí bàbá yóò fi bá ọmọ sọ̀rọ̀, tàbí tí ọmọ yóò fi bá bàbá sọ̀rọ̀, láìfi ipá mú ahọ́n ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ ọnà láàrin bàbá àti ọmọ kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Àreogún ti Ọ̀sì, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà tó di olóògbé ní 1954, ló bí Bandele, ọmọ tó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú iṣẹ́ igi gbígbẹ́, Bandele yìí kan náà ló sì kọ́ Lamidi Fakeye láti Ìlá Ọ̀ràngún, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé kí ó tó papòdà ní 2009. Ní agboolé àwọn Àyàn, ẹ̀gbẹ́ bàbá tó ń lu ìyáàlù ni ọmọ ti ń fi ìlù kékeré kọ́ bí ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀. Bàbá tó di ọwọ́ ọmọ mú lórí èèkù ọ̀bẹ ti sọ ohun púpọ̀ fún un. Ìṣòro wà fún àwa tí kò bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé, tí bàbá wa jẹ́ awakọ̀ tàbí olùkọ́, tí àwa náà sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì: kò sí ohun tó ń kó ọwọ́ wa pọ̀ mọ́ ojú iṣẹ́ kan náà. A ní láti dìídì dá a sílẹ̀ ni.

Igbá ni mo yàn nítorí pé iṣẹ́ Ọ̀yọ́ ni. Òfì híhun gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìṣẹ́yìn ń fẹ́ òfì àti ọ̀pọ̀ oṣù ẹ̀kọ́. Igi gbígbẹ́ ń fẹ́ agbára apá. Iṣẹ́ awọ ń fẹ́ awọ tí a ti ṣe. Igbá kò le, kò wọ́n, ọ̀bẹ kékeré kan sì ti tó láti bẹ̀rẹ̀. N kò sọ pé ẹ ó fín an bí àwọn tó bá iṣẹ́ náà láyé ṣe ń fín in o. Ẹ kò ní í lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì pọn dandan.

Ìdí mìíràn wà. Igbá ọlọ́mọrí ní ìsàlẹ̀, ó sì ní ọmọrí, àwọn méjèèjì sì wá láti ara igbá kan ṣoṣo tí a là sí méjì. Bàbá lè fín ìsàlẹ̀, kí ọmọ fín ọmọrí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bùn tí ẹnì kan fẹ́ ṣe ní ìkọ̀kọ̀, kí ó fín méjèèjì, ṣùgbọ́n bí ààyè bá wà kí wọ́n jọ ṣe é, ìyẹn ni mo fara mọ́ jù. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́wàá kò gbọ́dọ̀ mú ọ̀bẹ yìí. Pẹ́ńsùlù ni kí a fún un, kí bàbá sì fi ọ̀bẹ tọ ìlà tí ó bá fà.

Àwòrán ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Kí ẹ tó ra igbá, kí ẹ tó pọ́n ọ̀bẹ, ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fín. Apá yìí ni ó ṣòro jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, òun ni ó sì ń ya igbá ìfẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára igbá tí a lè rí rà lọ́jà. Ẹ jókòó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni ẹ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a lè fojú rí: kẹ̀kẹ́ tí bàbá fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé ní Awẹ́, ọkọ́ tí a gé èèkù rẹ̀ kúrú kí ọmọ lè rí i gbá mú, fìtílà tí a fi kàwé ìdánwò, rédíò tí bàbá àti ọmọ máa ń gbé sí etí láti gbọ́ bọ́ọ̀lù. Ẹ má ṣe kọ «sùúrù» tàbí «ìtọ́jú» sílẹ̀, nítorí ọ̀bẹ kò lè fín wọn. Ẹ bi ara yín léèrè ibi tí sùúrù náà ti hàn, kí ẹ sì fín ohun tó wà lọ́wọ́ bàbá lọ́jọ́ náà.

Ọkùnrin kan tí mo mọ̀ ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́ jẹ́ ọmọ télọ̀. Nígbà tó fẹ́ fín igbá fún bàbá rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ni gbogbo ènìyàn ní kó fín, nítorí òun ni aráyé mọ̀ mọ́ télọ̀. Kò gbọ́. Àlùmọ́gàjí bàbá rẹ̀ ló fín, èyí tí èèkù rẹ̀ kan ti kán tipẹ́, tí bàbá náà sì fi àjákù àǹkárá wé kí ó má baà máa ha òun ní àtàǹpàkò. Ó fín àlùmọ́gàjí náà tòun ti aṣọ tí a wé mọ́ ọn, ó sì fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sí ara aṣọ náà títí tó fi hàn gbangba pé àǹkárá ni. Àlejò tó bá rí igbá náà, àlùmọ́gàjí ni yóò rí. Bàbá náà rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò pa ojú ibi tí a wé aṣọ mọ́, ó ní, «O mà rántí èyí, Àkànní.» Irú àwòrán tí mo ń wí nìyẹn.

Bí ohun kan pàtó kò bá tètè wá sí ọkàn, ẹ lọ sí inú oríkì orílẹ̀ yín. Ọmọ Ìkòyí lè fín ọrun àti apó ọfà, nítorí ogun ni a fi mọ ìran wọn. Ọmọ Ọlọ́fà lè fín ènìyàn méjì tó di ara wọn mú, nítorí ìjàkadì ni orò Ọ̀fà. Ọmọ Òpómúléró lè fín òpó ilé, ọmọ Àyàn kò ní í ronú jìnnà kí ó tó dé orí gángan, ilé ọlọ́jẹ̀ sì ní agọ̀ eégún. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ju àwòrán lọ: bàbá gbọ́dọ̀ ki oríkì náà síta kí ọmọ tó lè mọ ohun tí yóò fín, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ayé òde òní ni kò sì tíì gbọ́ ju ìlà méjì lọ nínú tirẹ̀. Bí fóònù bá wà nítòsí, ẹ gba ohùn bàbá sílẹ̀ bó ṣe ń kì í. Ẹ tún gbọ́ ọ padà lọ́jọ́ kejì, kí ẹ sì mú ohun kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Igbá kò lè gba gbogbo rẹ̀.

Àròkò tún jẹ́ orísun mìíràn. Kí ìwé tó dé ilẹ̀ yìí, owó ẹyọ, ìyẹ́, èédú àti okùn ni àwọn bàbá wa fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ pé ọkàn ẹni tó rán an fà sí ẹni tí a rán an sí. Mẹ́jọ ni èsì, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ ara wọn. Bàbá tó bá fín owó ẹyọ mẹ́fà yí ìsàlẹ̀ igbá ká, tí ọmọ sì fín mẹ́jọ yí ọmọrí rẹ̀ ká, ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ tán láìla ẹnu. Owó ẹyọ sì rọrùn fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì yọ̀: ẹ fa ìrísí ẹyin, ẹ fa ìlà kan gùn ní àárín rẹ̀, kí ẹ wá fi eyín wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìlà náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fín ọ̀rọ̀ gígùn sí i. Mo ti rí igbá tí a kọ «Ẹ ṣé, Dádì mi ọ̀wọ́n, Olódùmarè á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́» sí láti etí dé etí, ó sì dà bí pátákó ìkéde. Ojú ènìyàn náà, ẹ jẹ́ kí a fi sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bàbá tí a fín tí imú rẹ̀ wọ́, ẹ̀rín ni yóò dá sílẹ̀ nílé, kì í sì í ṣe irú ẹ̀rín tí ẹ ń wá.

Igbá àti ohun èlò

Ẹ lè rí igbá tí a ti là, tí a ti fá, tó sì ti gbẹ, rà ní ọjà Akẹ̀sán tó wà nítòsí ààfin. Ẹ bèèrè èyí tó ní ọmọrí, kí ẹ sì fi ọmọrí náà dé e lójú ẹni tó ń tà á láti rí i pé wọ́n bára mu. Ẹ fi èékánná kàn án: igbá tó gbó dáadáa máa ń dún ketekete, èyí tí a já ní tútù máa ń dún bọ̀ọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá kòkòrò ti lu ú. Èyí tí ara rẹ̀ nípọn ni kí ẹ mú, kì í ṣe èyí tó fúyẹ́ jù, nítorí ọ̀bẹ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró sí.

Bí ó bá jẹ́ odindi igbá láti oko ni ẹ rí, iṣẹ́ díẹ̀ wà níwájú yín, ó sì dára kí bàbá àti ọmọ jọ ṣe é. Ẹ fa ìlà yí i ká. Kí ẹ tó fi ayùn rẹ́ ẹ, ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ sàmì kékeré kan tó gba orí ìlà náà kọjá, kí ààbọ̀ àmì náà wà ní ìsàlẹ̀, kí ààbọ̀ wà lára ọmọrí. Igbá kì í rí róbótó pérépéré, nítorí náà àmì yìí nìkan ni yóò máa sọ fún yín ibi tí ẹnu méjèèjì ti pàdé. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti là á, ẹ kó hóró inú rẹ̀ jáde, kí ẹ rì í sínú omi, kí ẹ sì fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nítorí pé yóò fẹ́ léfòó. Nígbà tí ohun funfun inú rẹ̀ bá ti rọ̀, tí òórùn rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn aládùúgbò sẹ́yìn, ẹ fi ṣíbí tàbí ìkarahun fá a mọ́ tónítóní. Ẹ sá a sí ibòòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Oòrùn ọ̀sán gangan a máa mú kí etí rẹ̀ ká, ọyẹ́ a sì máa mú un sán, nítorí náà bí ó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni, inú ilé ni kí ó ti gbẹ.

Ohun tó kù kò pọ̀: ọ̀bẹ kúkúrú tí ẹnu rẹ̀ mú, òkúta ìpọ́nbẹ, pẹ́ńsùlù, okùn tẹ́ẹ́rẹ́, àkísà, ewé ìpín tàbí sáńpépà, òróró díẹ̀, àti òṣùká. Òṣùká ni a ó gbé igbá lé kí ó má baà máa yí kiri; ẹni tó bá gbé e sórí tábìlì lásán yóò gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ lo okùn náà láti pín igbá. Ẹ wé e mọ́ etí igbá, ẹ gé e níbi tó ti pàdé, ẹ ká a sí méjì, kí ẹ tún ká a sí méjì. Ojú ibi tí ó ti ṣẹ́ yóò fún yín ní àyè mẹ́rin tó dọ́gba. Àwòrán pàtàkì wọ inú ọ̀kan, èyí tó kọjú sí i wọ inú èkejì, kí ìlà lásán tàbí ewé sì kún méjì tó kù. Ẹ fi àyè sílẹ̀ ní etí, ó kéré tán ìwọ̀n ìka kan, nítorí ibẹ̀ ni igbá ti máa ń sán bí a bá fín in jù.

Fífín rẹ̀

Awọ igbá ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì funfun ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ìyàtọ̀ méjì yìí ni gbogbo ẹwà igbá fínfín dúró. Ẹ kọ́kọ́ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tọ ìlà àwòrán yíká, kí ó wọlé díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ha awọ ilẹ̀ tó yí àwòrán náà ká kúrò, tàbí kí ẹ fi ìlà wẹ́wẹ́ tó súnmọ́ ara wọn bò ó, kí àwòrán lè jókòó ní àwọ̀ tirẹ̀ lórí ilẹ̀ tó funfun. Ẹ kò gbọ́dọ̀ wọlé ju ààbọ̀ ìnípọn igbá lọ níbikíbi. Ẹ fi aṣọ dí imú bí ẹ bá ti ń ha á, nítorí pé ekuru rẹ̀ a máa mú ènìyàn húkọ́.

Bí ẹ ṣe mú ọ̀bẹ ṣe pàtàkì. Ẹ mú un níbi tó súnmọ́ ẹnu rẹ̀, bí ẹ ṣe ń mú kálámù, kí àtàǹpàkò ọwọ́ kejì wà lẹ́yìn ọ̀bẹ láti máa tì í díẹ̀díẹ̀, kí ó má sì ṣe wà níwájú rẹ̀ láé. Níbi tí ìlà bá ti tẹ̀, igbá ni ẹ ó yí, ẹ jẹ́ kí ọ̀bẹ dúró. Ẹ ó gbọ́ ọ bí ó bá ń lọ dáadáa: ó máa ń ké ṣẹ́ẹ́-ṣẹ́ẹ́ jẹ́jẹ́. Bí ó bá dákẹ́ lójijì tí ó sì fẹ́ yọ̀, ọ̀bẹ ti kú nìyẹn, ẹ pọ́n ọn. Páànkàrà, ìyẹn àfọ́kù igbá, ni kí ẹ fi kọ́ ọwọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ tó fi ọwọ́ kan igbá gidi.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn bàbá. Ọmọ yóò fa ìlà tó wọ́. Yóò ha ibi tí kò yẹ kó ha. Ẹ ó fẹ́ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin náà lóko nígbà kan rí. Ẹ má gbà á. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, kí a fi òsì fà á mọ́ra. Ní ojú iṣẹ́ yìí, ọwọ́ òsì nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ mú wá. Ẹ sọ bí a ṣe ń di ọ̀bẹ mú kó má baà gé ara rẹ̀, ìyẹn nìkan ni ìbáwí tí mo fọwọ́ sí, kí ẹ sì fi ìlà tó wọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ọ̀bẹ bá ṣì ọ̀nà gan-an tó bẹ́ẹ̀ tí ó ba àwòrán jẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di ewé tàbí ẹyẹ. Àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n ṣe ju àgbà lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ọmọ tó ti dàgbà náà, tó ní owó lọ́wọ́, tí ó sì ń rò ó pé òun yóò kúkú gbé iṣẹ́ náà fún oníṣẹ́ igbá, kí òun sì san owó rẹ̀. Ẹ lè sanwó fún oníṣẹ́ náà láti kọ́ yín, tàbí kí ó bá yín ṣe ìlà etí tó máa ń ṣòro. Àwòrán tó wà láàrin ẹ̀yin àti bàbá yín, ọwọ́ yín ni kí ó ti wá. Igbá ẹlẹ́wà tí a rà ń sọ fún bàbá pé ọmọ òun lówó, ó sì ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀.

Ẹ má ṣe sáré. Ẹ fi í sí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tàbí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, kí ẹ máa ṣe díẹ̀, kí ẹ sì gbé e sílẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́ tí ojú sì wà lára igbá, ọmọkùnrin a máa bèèrè ohun tí kò ní í bèèrè bí ó bá jókòó dojú kọ bàbá rẹ̀: bí àwọn òbí rẹ̀ ṣe pàdé, ìdí tí wọ́n fi kó kúrò ní ilé ẹbí, ohun tó pa bàbá àgbà. Ẹ dáhùn, kí ẹ máa fín lọ.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, ẹ fi ewé ìpín yún ara rẹ̀ títí tí kò fi ní í ha ọwọ́ mọ́. Iṣẹ́ yìí ni ọmọ kékeré lè ṣe láìséwu. Ẹ lè po èédú tí a lọ̀ kúnná mọ́ òróró díẹ̀, kí ẹ fi pa ojú ìlà kí ó lè dúdú, kí ẹ sì fi àkísà nù èyí tó bá dà sí ẹ̀gbẹ́ kúrò kíákíá. Ní tèmi, igbá tí a kò kun rárá ló wù mí jù. Ẹ fi òróró ẹ̀pà pa gbogbo ara rẹ̀ níkẹyìn. Fánìṣì a máa dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò lè bu oúnjẹ sínú igbá tí a fi í kùn, igbá tí a kò sì lè bu nǹkan sí, orí kọ́bọ́ọ̀dù ni yóò kú sí. Nínú ọmọrí, níbi tí ojú kì í sábà dé, kí bàbá àti ọmọ fín oríkì àbísọ wọn àti ọdún tí wọ́n ṣe é.

Bí ẹ ó ṣe fi í lé e lọ́wọ́

Ẹ má gbé e lọ sí òde àríyá. Bí a bá fún bàbá ní irú ẹ̀bùn yìí níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí, lójú alága ìjókòó àti ẹni tó ń ya fọ́tò, yóò rẹ́rìn-ín, yóò dúpẹ́, yóò sì gbé e fún ẹni tó ń kó ẹ̀bùn jọ. Ìdájí tàbí alẹ́ ló dára, nígbà tí ẹsẹ̀ ti dá nínú ilé. Ọmọ yóò dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ, yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kalẹ̀, yóò sì sọ ohun kúkúrú kan, bí i «Bàbá mi, mo ṣe é fún yín.» Ó tó bẹ́ẹ̀. Kí ó má ṣàlàyé àwòrán náà. Bàbá yóò rí i fúnra rẹ̀, bí kò bá sì rí i lọ́jọ́ yẹn, yóò rí i lọ́jọ́ mìíràn. Bí ó bá jẹ́ bàbá ló ń fún ọmọ, kí ó pè é ní oríkì rẹ̀, kí ó kì í dé ibi tó bá lè kì í dé, lẹ́yìn náà kí ó gbé igbá fún un. N kò fẹ́ kí igbá náà lọ ní òfìfo. Àádùn, ẹ̀pà sísun, obì, tàbí ohunkóhun tí ẹni náà fẹ́ràn láti máa jẹ ni kí ẹ bù sínú rẹ̀.

Ọmọ tó wà ní ìlú òyìnbó ń fẹ́ ohun tó kéré. Ahá ni kí bàbá fín fún un, kí ó lè wọ inú àpò ìrìn-àjò. Kí hóró kankan má ṣe ṣẹ́kù nínú rẹ̀, kí ó sì gbẹ dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kì í jẹ́ kí hóró ohun ọ̀gbìn wọlé láìsí ìwé àṣẹ.

Bí bàbá àti ọmọ kò bá tíì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, ohun mìíràn nìyẹn. Kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ na ọwọ́ fín ìsàlẹ̀ igbá nìkan, kí ó fi ọmọrí sílẹ̀ láìfín, kí ó sì kó méjèèjì pọ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ àbúrò bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tí àwọn méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún. Kí ó má fi lẹ́tà sí i. Ọmọrí tí a kò fín yóò béèrè ohun tó ní í béèrè, bí ó tilẹ̀ pẹ́ kí èsì tó dé. Bí ọmọrí náà bá padà wá láìfín, kí ó gbà á, kí ó sì tọ́jú rẹ̀.

Ìtọ́jú, àti bí ó bá sán

Ẹ máa fi òróró díẹ̀ pa á nígbà ọyẹ́. Ẹ má jẹ́ kí omi sùn nínú rẹ̀ mọ́jú, ẹ má sì gbé e sí ibi tí eku ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí eku a máa jẹ etí igbá tí oúnjẹ ti kan.

Bí ó bá sán, ẹ má jù ú nù. Igbá tó fọ́ ní í gba kàsẹ̀ létí. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ ńlá sí iná kí ó gbóná, ẹ fi dá ihò kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú sísán náà, kí ihò kọjú sí ihò, kí wọ́n má sì súnmọ́ etí rẹ̀ jù. Ẹ fi okùn òwú tó le ran án láti inú bọ́ sí òde, kí ẹ máa fà á ṣinṣin ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kí ẹ má fà á débi tí ihò yóò fi ya. Bí ojú sísán náà bá gba orí àwòrán kọjá, ẹ má wá ọ̀nà láti fi okùn yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ ran án gba orí àwòrán náà, ẹni tó sì fín ọmọrí ni kí ó di ìsàlẹ̀ mú nígbà tí ẹnì kejì bá ń ran án.